Orúkọ Àbùkù: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ tí a fi ń Kẹ́gàn Ọmọnìkejì Wa



Nínú gbogbo ohun tí Yorùbá fi ń dá ènìyàn lọ́lá, orúkọ ni ó ṣáájú. Ọmọ a máa mú orúkọ ti ọ̀run wá, gẹ́gẹ́ bí Táíwò àti Àìná. Àwọn òbí a máa sọ ọ́ ní orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ìyá àgbà a máa fi oríkì kì í. Nígbà tí ó bá sì dàgbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fún un ní àlàjẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí a kò pe ẹbí jọ sí, tí a kò fi oyin àti iyọ̀ àti obì sọ. Ẹnìkan a jù ú sí ènìyàn ní ojú títì, ẹlòmíràn a gbà á ní ẹnu rẹ̀, nígbà tí ó bá sì pẹ́, ó ti di ohun tí a fi ń pe odidi ìran kan. Èyí ni mo pè ní orúkọ àbùkù.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé orúkọ àbùkù ní ìtàn, gẹ́gẹ́ bí ìlú ti ní ìtàn. Ó ní ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ó ní ọ̀nà tí ó gbà, ó sì ní iṣẹ́ tí a rán an. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe èébú ní ọjọ́ tí a bí wọn. Bí a bá mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà di èébú, bóyá ẹnu wa yóò wúwo díẹ̀ kí a tó pè wọ́n.

Ìkíní: Kèfèrí

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé Ọlọ́run, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ọmọ ìjọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà kèfèrí. A ń kà á nínú Bíbélì, a ń gbọ́ ọ nínú ìwàásù, a sì ń sọ ọ́ sí ẹni tí ń bọ Ògún tàbí tí ń dá Ifá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Yorùbá ni í ṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí ó kọ̀ láti gbàgbọ́. Ẹnu àwọn Hausa ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí, kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èébú lásán; ọ̀rọ̀ òfin ni. Ní nǹkan bí ọdún 1615, ọ̀mọ̀wé ńlá kan ní Timbuktu, Ahmad Baba, kọ ìwé kan láti dá àwọn tí ó bi í léèrè lóhùn nípa àwọn ènìyàn dúdú tí a ń kó lẹ́rú. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìgbèkùn ní Marrakech, lẹ́yìn tí ogun Morocco ti gba ìlú rẹ̀. Ó dáhùn pé àwọ̀ ara kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di ẹrú, àìgbàgbọ́ ni. Ó ka àwọn ìran tí a mọ̀ sí Mùsùlùmí sí apá kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Kano àti Katsina àti Songhai, ó ní a kò gbọdọ̀ tà wọ́n. Ó ka àwọn aláìgbàgbọ́ sí apá kejì, gẹ́gẹ́ bí Mossi àti Gurma àti Borgu. Nínú àwọn ti apá kejì yìí ni orúkọ Yorùbá wà.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ jùlọ tí a ti rí orúkọ wa ni ìwé tí ó ń sọ àwọn tí a lè kó lẹ́rú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó wà láàrin òmìnira àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ní ọdún 1821, ogun wọ ìlú Òṣoògùn ní apá Ọ̀yọ́. Àwọn Fúlàní àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí wà nínú àwọn jagunjagun náà. Wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí omi, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní ọdún 1864. Lójú òfin àwọn tí ó kó o, kèfèrí ni Àjàyí.

Nígbà tí ọmọ yìí dàgbà, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tí ìwé Romu ṣáájú nínú rẹ̀ ní ọdún 1850, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n lò fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe Júù. A kò gbọdọ̀ yára dá wọn lẹ́bi. Olùtumọ̀ kì í dá èdè sílẹ̀. Owó tí a ń ná ní ọjà ni ó ń ná, kèfèrí sì ti wà ní ọjà. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu ni ó ti inú rẹ̀ jáde. Mùsùlùmí ń pe Onígbàgbọ́ ní kèfèrí. Onígbàgbọ́ ń pe ẹni tí ń bọ òrìṣà ní kèfèrí. Àwọn méjèèjì sì gbàgbé pé nínú Bíbélì, gbogbo ẹni tí kì í ṣe Júù ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Bí Pọ́ọ̀lù bá jẹ́ àpọ́sítélì àwọn kèfèrí, a jẹ́ pé àwa tí a jókòó ní ibí yìí ni kèfèrí rẹ̀. Kò fi orúkọ náà ta ẹnikẹ́ni nù. Ìròyìn ayọ̀ ni ó fi ń pè wọ́n wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà rìn gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn oníṣòwò Lárúbáwá sọ ọ́ ní èbúté ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn Potogí gbà á ní ẹnu wọn. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní ẹnu Potogí. Nígbà tí ó fi fìdí múlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, kò ní í ṣe pẹ̀lú ìgbàgbọ́ mọ́. Ó ti di èébú tí òyìnbó fi ń bú ènìyàn dúdú, ìbáà ṣe àlùfáà ìjọ. Lónìí ọ̀rọ̀ náà burú ní ilẹ̀ náà tóbẹ́ẹ̀ tí ilé ẹjọ́ kan fi rán obìnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1858 ó lé 160, èyí ni ọdún 2018, nítorí pé ó fi bú ọlọ́pàá tí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún àti èyí tí a ń sọ ní orí àga ìwàásù wa.

Èkejì: Èṣù, Ìmàle, Abọgibọ̀pẹ̀

Lójú àwọn tí ń sìn ín, Èṣù ni ìránṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, tí ń ṣọ́ oríta àti ẹnu ọjà. Ó le, ó sì ń dán ènìyàn wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ ń wá orúkọ fún ẹni búburú nì tí ó dán Jésù wò ní aginjù, Èṣù ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ òrìṣà kan ti di orúkọ gbogbo ibi. Ìdílé tí ń jẹ́ Èṣùbíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í tijú. Ọ̀pọ̀ fi Olú tàbí Olúwa rọ́pò Èṣù àti Ifá nínú orúkọ wọn. Síbẹ̀ Èkó ní ọba kan tí kò yí orúkọ rẹ̀ padà. Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lóyè ní ọdún 1925 tí wọ́n sì lé lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sí Èkó ní ọdún 1931. Àwọn Onígbàgbọ́ àti àwọn Mùsùlùmí Èkó wà nínú àwọn tí ó dúró tì í. Orúkọ rẹ̀ kò dí wọn lọ́wọ́.

Ìmàle pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ara orúkọ Málì ni ó ti jáde, nítorí láti apá ibẹ̀ ni ẹ̀sìn náà ti kọ́kọ́ tọ̀ wá wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan fẹ́ràn láti túmọ̀ rẹ̀ sí ìmọ̀ líle, bí ẹni pé ẹ̀sìn tí ó ni ènìyàn lára ni. Báyìí ni a ti ń ṣe é: a mú orúkọ tí ó jẹ́ ti ibi kan, a sì fi ìtumọ̀ ẹ̀gàn wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, Malê ni a ń pe àwọn Mùsùlùmí ìran wa tí ó dìde sí ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1835. Lónìí àwọn tí ó ni ẹ̀sìn náà fẹ́ kí a máa pe àwọn ní Mùsùlùmí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Àwọn tí ó ṣẹ́kù ní ìdí ẹ̀sìn àwọn baba wa ni a pè ní abọgibọ̀pẹ̀, àní ẹni tí ń bọ igi tí ó sì ń bọ ọ̀pẹ. Àwọn náà ti yan orúkọ fún ara wọn, oníṣẹ̀ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọjọ́ kan ṣe ìsinmi fún ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Ènìyàn lè máa wàásù Kristi fún wọn láì fi orúkọ ẹ̀gàn pè wọ́n. Èmi kò tíì gbọ́ pé èébú yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà.

Ẹ̀kẹta: Orúkọ Àlejò tí ó di Ògo

Kì í ṣe gbogbo orúkọ tí àlejò sọ wá ni ó mú ìtìjú wá títí ayé. Yorùbá fúnra rẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí àwọn baba wa gbogbo ń jẹ́. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, Èkìtì ń jẹ́ Èkìtì. Àwọn ará òkè ọya ni ó ń pe Ọ̀yọ́ ní Yorùbá. Ní Sàró, nítorí pé a fẹ́ràn ìkíni, tí gbogbo gbólóhùn wa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ kú, wọ́n pè wá ní Àkú. Ní Dahomey àti Brazil a jẹ́ Nàgó, ní Cuba a jẹ́ Lùkùmí. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n tẹ̀lé e. Nígbà tí ìtàn tí Samuel Johnson kọ fi jáde ní ọdún 1921, orúkọ náà ti ń gba gbogbo wa mọ́ra. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé àwọn tí a lè tà ní ọdún 1615 ni àwọn ọmọ wa ń fi yangàn lónìí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Kristẹni. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì jẹ́rìí pé ní Áńtíókù ni a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní orúkọ yìí, ó sì jọ pé àwọn ará ìta ni ó sọ ọ́. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ń fi Wesley àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní wọ́n ń fi ìlànà ṣe ohun gbogbo. Ní ibẹ̀ ni Mẹ́tọ́díìsì ti wá. Ẹni tí a bú gba èébú náà, ó fọ̀ ọ́, ó sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bú nìkan ni ó lè ṣe èyí. Ẹni tí ó ń búni kò lè sọ pé iyì ni òun fi fúnni.

Ẹ̀kẹrin: Àwọn Ọ̀rọ̀ Òde Wa

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ìta. Kòsọ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń túmọ̀ rẹ̀, ni pé kò sí ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀fẹ́. A ń san owó rẹ̀.

Ní ọjà Máìlì 12, ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ jù ni àbókí. Ní èdè Hausa, ọ̀rẹ́ ni ó túmọ̀ sí. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ẹnu wa ní Èkó, ó ti di orúkọ gbogbo ọkùnrin tí ó ti òkè ọya wá, ìbáà jẹ́ alábàárù, ìbáà jẹ́ aṣọ́nà, ìbáà jẹ́ olówó tí ó ni ọkọ̀ tòmátì mẹ́wàá. A ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sọ fún un pé kò sí ohun tí ó kàn wá nípa orúkọ rẹ̀. Gàmbàrí náà ńkọ́? Ní Ìlọrin, oyè ńlá ni Balógun Gàmbàrí í ṣe, ìdílé ọba ibẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ náà. Ní Èkó, a ń fi pe ẹni tí a kà sí òpè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìyàtọ̀ kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tiwa pẹ̀lú ti ṣubú. Ọmọ onílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyangàn fún ẹni tí baba rẹ̀ ni ilẹ̀. Ìwà ipá àwọn kan tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́lé ni ó bà á jẹ́, títí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ìdáàbòbò dúkìá ní ọdún 2016 láti dá wọn lẹ́kun. Nísinsìnyí ọmọ onílẹ̀ tòótọ́ tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ orúkọ náà. Àgbèrò jẹ́ orúkọ iṣẹ́, ẹni tí ń pe èrò sínú ọkọ̀. Lónìí, tí a bá fẹ́ sọ pé ènìyàn kò ní ẹ̀kọ́ ilé, àgbèrò ni a ń pè é.

Ọ̀kan kù, òun ni àtọ̀húnrìnwá. A máa ń sọ ọ́ sí ẹni tí a fẹ́ kí ó palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn wí? Àwọn Àwórì tí ó ni ilẹ̀ yìí ròyìn fún wa pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀lé àwo kan tí ó léfòó lórí omi, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ìṣẹ̀rì lẹ́bàá odò Ògùn. Ibi tí àwo náà ti rì ni ó fún wọn ní orúkọ. Láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti rìn wá. Bí àtọ̀húnrìnwá bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dúró láti sọ òkúta.

Ẹ̀karùn-ún: Iṣẹ́ tí Ọ̀rọ̀ ń Ṣe

Ẹlòmíràn lè wí pé, Ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í ṣe egbò. Ẹ jẹ́ kí ìtàn dáhùn. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa ní Ṣàgámù, ní àkókò orò. Nígbà tí ìròyìn àti àwọn tí ó sá àsálà dé Kano, wọ́n dojú ìjà kọ àwọn Yorùbá ibẹ̀, àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa orò Ṣàgámù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ọjà Máìlì 12 ní Kétu gbóná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí ṣègbé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Máìlì 12, títí Gómìnà Akinwunmi Ambode fi pàṣẹ kí a ti ọjà náà pa. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn jóná, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Lẹ́yìn èyí, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti ẹran ní òkè ọya kọ̀ láti kó ẹrù wá sí gúúsù fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra tòmátì àti àlùbọ́sà ní Èkó mọ ohun tí ó san.

Èmi kò wí pé ọ̀rọ̀ nìkan ni ó fa ìjà wọ̀nyí. Owó wà níbẹ̀, ìṣèlú wà níbẹ̀, àti ẹni tí yóò jẹ́ olórí ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí iná gbà ràn. Ènìyàn méjì ni ó jà ní Ṣáṣá, ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn fi dé ìkángun ọjà, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn mọ́. Yorùbá kan àti Hausa kan ni ó kù. Ẹni tí kò ní orúkọ, ẹnikẹ́ni nínú ìran rẹ̀ ni a lè mú dípò rẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ tí orúkọ àbùkù ń ṣe: ó ń mú kí ó rọrùn láti fi ọmọ Músá san gbèsè Sánì.

Ní Rwanda, ọ̀rọ̀ kan wà, inyenzi, tí ó túmọ̀ sí aáyán. Ní ọdún 1960 sí i, àwọn jagunjagun kan tí ó wà ní ìgbèkùn ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1994, rédíò ń pe gbogbo ọmọ Tutsi ní orúkọ náà, àgbà àti ọmọ ọwọ́. Láàrin nǹkan bí 100 ọjọ́, ẹ̀mí tí ó ju 500,000 lọ ni a pa. Kò sí ẹni tí í ṣọ̀fọ̀ aáyán.

Ìparí

Kí ni kí a ṣe? Èmi kò wí pé kí a má ṣe dá ibi lẹ́bi. Ẹni tí ó jalè, tí ẹ̀rí sì fi hàn bẹ́ẹ̀, olè ni. Orúkọ náà ti inú ìṣe rẹ̀ wá, kò sì kọjá orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fún ènìyàn nítorí ìlú baba rẹ̀, tàbí nítorí ọ̀nà tí ó gbà ń pe Ọlọ́run, ìdájọ́ láìsí ẹjọ́ ni. Ìran wa ti wà lábẹ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ná wa ní ọ̀pọ̀ ọmọ.

Nítorí náà, kí a tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹnu ta ni mo ti gbà á, kí sì ni òun ń fi í ṣe? Ǹjẹ́ mo lè sọ ọ́ ní ojú ẹni náà, lẹ́yìn tí mo ti pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Kí ni mo ń múra láti ṣe sí i, tí mo fi ní láti kọ́kọ́ gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra tòmátì lọ́wọ́ ọkùnrin kan láti ọdún pípẹ́, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa pé aládùúgbò ni ẹni tí ń bọ òrìṣà ní ojúlé kejì. Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ rántí pé àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń fi ìran kan ṣe èébú, ẹ bá a wí ní ọjọ́ tí ọjà tutù, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ó bá gbóná. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì ní àpò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà ní apó.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ olúkúlùkù wa ní orúkọ, ṣọ́ ẹnu wa. Àmín.